Mayor Faransé Tó Jẹ Táwẹ̀lì ní Salford

Ọdún kan péré ni mo fi kàwé gba oyè másítà ní Manchester, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ló gba gbogbo ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Ó jẹ Mayor ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ wọn kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀. Socialist paraku ni, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ló gbé e wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn dé àyà. Nígbà tí èmi fi máa mọ̀ ọ́n, ó ti kú láti bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Èmi kọ́ ni mo yàn án. Ohun tó wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kọ dissertation lé lórí ni ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè nílé, torí pé bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ibùdó rélùwéè Láfẹ́ńwá títí tó fi fẹ̀yìn tì. Supervisor mi ò gbà. Bàbá òyìnbó gígùn kan ni, ó tín-ín-rín, ó máa ń wé síkáàfù mọ́ ọrùn tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn, kódà nínú ọ́fíìsì tí hítà ń jó bí iná. Ó ní àwọn ìwé rélùwéè tí mo ń wá ò sí ní Manchester. Ó wá fa dúróà kan, ó gbé páálí kan jáde, ẹ̀dà àwọn lẹ́tà Mayor ló kún inú rẹ̀.

"O kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé o gbọ́ Faransé," ó ní.

Òótọ́ ni mo kọ ọ́. Faransé tí mo gbọ́ ni èyí tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdírì. Mo lè kí ènìyàn, mo lè béèrè ibi tí ilé ìkàwé wà, mo sì lè sọ pé ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wá àyè wọ yunifásítì, gbogbo nǹkan ni mo gbọ́. Bí mo ṣe gbé páálí náà lọ sílé nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mò ń gbé ní Salford. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti dé ìlú òyìnbó, iṣẹ́ carer ló ń ṣe ní Swinton: á wẹ̀ fún àwọn arúgbó, á fún wọn lóògùn, á bá wọn jà kí wọ́n tó jẹun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ni olórí àwọn aládùúrà. Bí Àǹtí mi bá gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú Ọlọ́run, kì í gbé e kalẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ á fi bẹ̀bẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo wà ní kíṣìnì, mò ń bá ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà ní kíláàsì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nẹ́tíwọọ̀kì ò dára, ni mo bá ń pariwo.

"Mayor yìí máa pa mí o! Láti Monday ni mo ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò ráyè ṣe nǹkan mìíràn. Rárá, ìyàwó ẹ̀ gan-an ni wàhálà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi obìnrin yẹn ṣe. Mo ní kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá, supervisor ní kí n jẹ́ kó wà ńbẹ̀."

Chapter kejì ni mò ń sọ. Mi ò mọ̀ pé Àǹtí mi ti dé láti ibi iṣẹ́. Orí àtẹ̀gùn ló wà, ó gbé aṣọ tó fẹ́ fọ̀ dání, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí Mayor dé orí ìyàwó.

Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ohun tí mo kàn rí ni pé kò jẹun mọ́. Ọjọ́ kìíní, ó ní inú òun kún. Ọjọ́ kejì, ó ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́. Tí mo bá ti ń wọ bàtà láti lọ sí library, á dúró sẹ́yìn mi, á máa wò mí bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti da òróró àdúrà sínú bàtà mi méjèèjì. Mi ò mọ̀. Bí mo ṣe ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tí mo ní kí n gbé ìgbésẹ̀ kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀ gẹ̀rẹ̀ nínú bàtà, mo sì fi ìdí jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbì.

"Ọlọ́run ò fẹ́ kó o jáde," Àǹtí mi ní. Ó wọlé lọ.

Ní Sunday yẹn, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ ní kí wọ́n pè mí wá sí yàrá tí a ń kó àga sí. Mo bá a níbẹ̀, òun àti Àǹtí mi àti màmá kan nínú àwọn aládùúrà. Pásítọ̀ ní kí n jókòó.

"Ọmọbìnrin mi, a ò pè ọ́ láti dá ọ lẹ́jọ́," ó ní. "Ta ni Mayor?"

Inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, kò tíì sẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Há, ẹ ṣé o, sà! Èèyàn dáadáa ni o, àfi pé ó fẹ́ràn àríyànjiyàn."

Àǹtí mi káwọ́ lérí.

"Ṣé ó níyàwó?" pásítọ̀ bi mí.

"Ó níyàwó, sà. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó ẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí."

"O sì mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀ dáadáa, sà. Mo ti ka gbogbo lẹ́tà tí ìyàwó ẹ̀ kọ sí i."

"Ó ń ka lẹ́tà ìyàwó ilé!" Àǹtí mi pariwo. "Ẹ gbà mí o!"

"Àǹtí, ẹ̀dà ló wà lọ́wọ́ mi. Supervisor mi ló fún mi. Òun ló mú mi mọ Mayor."

Pásítọ̀ fi áńkáṣífù nu ojú. Màmá aládùúrà náà ti dìde, ó ti ń fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́, ó ti fi supervisor mi kún àwọn tó fẹ́ dè. Pásítọ̀ ní kó jókòó ná.

"Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Níbo ni ọkùnrin yìí wà báyìí? Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin."

"Sà, ó ti kú."

Àǹtí mi la ẹnu sílẹ̀. Ó wo pásítọ̀, pásítọ̀ náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí mi gbójú sókè sí àjà, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ohun tó tọrọ lọ.

"Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta péré! Mi ò ní kí Ẹ pa á. Mo ní kí Ẹ mú un kúrò lọ́nà ẹ̀ ni."

"Nígbà wo ló kú?" màmá yẹn béèrè.

"Nígbà ogun, mà."

"Ogun wo?"

"Ogun Àgbáyé Kìíní."

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọdún. Kò tíì ka ìka ọwọ́ kan tán tó fi mọ̀. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, ó di ògiri mú, àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣubú lu ara wọn. Ìgbà tí mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán, màmá aládùúrà náà ti ń nu omijé ẹ̀rín. Àǹtí mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mo fi ebi pa ara mi nítorí òkú," ó ní. "Ẹ wá nǹkan fún mi kí n fẹnu kàn."

Kò mọ síbẹ̀. Ó ti tẹ àwọn òbí mi láago ní Abẹ́òkúta kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún tẹ̀ wọ́n láago lẹ́yìn ìsìn láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọọ̀kì gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù mi dún, màmá mi ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní baálẹ̀ kan kú nítorí ẹ nílẹ̀ Faransé. Kí lo fi ṣe é?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí mi ní kí n jókòó kí n sọ ìtàn ọkùnrin náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ó kéré tán, kí òun mọ ẹni tí òun gbààwẹ̀ lé lórí. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á ní, "Ó yá, Mayor dà?" Èmi á máa sọ ibi tí mo kà dé.

Mo sọ fún un pé ahunṣọ ni bàbá Mayor, pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun fúnra rẹ̀ tó wọ iléeṣẹ́ òwú, abẹ́ ẹ̀rọ ló ń rá kòrò lọ láti ṣa òwú tó já. Nígbà tó di géńdé, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ṣòfin pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ kọrin nídìí iṣẹ́. Mayor, tí kò tíì di Mayor nígbà náà, kó gbogbo wọn síta, wọ́n dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n kọrin láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán. Ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ohùn òun ò dára rárá, pé ìyẹn gan-an ló dun ọ̀gá náà jù. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Kò síléeṣẹ́ mìíràn tó gbà á, ni òun náà bá ṣe bí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lé ṣe máa ń ṣe níbẹ̀: ó ṣí ilé ọtí.

"Ilé ọtí!" Àǹtí mi ká ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí.

Mo ní kó fara balẹ̀. Ọkùnrin náà kì í mu bíà, ó ní ó máa ń jẹ́ kí inú òun wú. Kọfí ló ń mu, abọ́ ló fi ń mu ún. Ohun tó ń ṣe nílé ọtí náà ni pé ó ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀wé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wọlé láti wá gba aṣọ ìdọ̀tí, ó wo Mayor níbi tó ti ń kéde pé ayé máa yí padà, ó ní, "Kọ́là ẹ̀wù ẹ ló kọ́kọ́ nílò ọṣẹ."

"Obìnrin gidi," Àǹtí mi ní. Ó na ẹsẹ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n dìbò yàn án, ọjọ́ kìíní tó jókòó sórí àga Mayor, àga náà kán. Ó ṣubú níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àga náà ti mọ ìdí àwọn olówó lára jù, ìdí òṣìṣẹ́ ló ya á lẹ́nu. Orí bẹ́ǹṣì ló ti ṣe ìpàdé títí wọ́n fi tún un kàn. Ó fún àwọn ọmọ iléèwé lóúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, ó fún àwọn abiyamọ ní wàrà, ó sì kọ́ ilé ìwẹ̀ ńlá kan tó ní omi gbígbóná, torí pé kò sí balùwẹ̀ nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ìlú náà kọ̀, wọn ò lọ. Wọ́n ní omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí eegun rọ̀. Mayor pe gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé aṣọ ìnura kọ́ èjìká, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín ọjà kọjá, àwọn onífèrè ṣáájú wọn, wọ́n sì lọ wẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ìlú lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin nínú omi.

Àǹtí mi dìde dúró. "Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ mi!"

Ní Swinton, ó ń tọ́jú bàbá kan tó kórìíra omi. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń sọ fún un pé Mayor fúnra rẹ̀ wẹ̀, tìlù tìfọn. Ó ní bàbá náà béèrè pé Mayor wo, òun sì dá a lóhùn pé kó wọnú omi ná, òun á wá sọ ìyókù. Láàárín oṣù kan, bàbá náà ti mọ ìtàn ilé ọtí àti ìtàn àga tó kán, ara rẹ̀ sì mọ́ ju ti gbogbo àwọn arúgbó yòókù lọ.

Ibi tí Àǹtí mi ti yẹ̀ lẹ́yìn Mayor díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mayor kò fẹ́ràn ẹ̀sìn. Ó ṣòfin pé àlùfáà ò gbọdọ̀ lu agogo kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè sùn. Àlùfáà náà gbà. Ó ra àkùkọ méjìlá, ó kó wọn sí ẹ̀yìnkùlé tó kángun sí fèrèsé yàrá Mayor. Mayor ò lè fòfin de àkùkọ, torí gbogbo àwọn tó dìbò fún un ló ní àkùkọ nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fara dà á kó tó lọ kan ilẹ̀kùn àlùfáà. Agogo padà sí àsìkò rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pín àkùkọ náà ní mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n pa wọ́n jẹ.

"Ìyìn ni fún Olúwa," Àǹtí mi ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́.

Lẹ́tà kan ṣì kù tí mi ò tíì kà fún un, torí pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú dissertation mi. Mayor ti wá sí Manchester rí! Òun àti àwọn méjì mìíràn ni wọ́n wá bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣèpàdé, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò, inú ilé òṣìṣẹ́ kan ní Salford ni wọ́n sì fi wọ́n wọ̀ sí. Ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé òjò ibẹ̀ kì í rọ̀, ó kàn máa ń wà níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló wá kọ gbólóhùn kan tó sọ supervisor mi di ẹni ńlá láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Wọ́n gbé aṣọ ìnura funfun fún mi jẹ, wọ́n fi àlùbọ́sà àti wàrà sè é. Mo jẹ ẹ́ nítorí àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ayé."

Supervisor mi ti kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí gbólóhùn yìí láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ó ní òwe ìjìnlẹ̀ ni. Aṣọ funfun ni ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun máa ń nà sókè lójú ogun. Nítorí náà Mayor ń dọ́gbọ́n sọ pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Manchester ti túúbá fún àwọn ọlọ́lá, wọ́n sì fẹ́ kí òun náà gbé ìtúúbá náà mì. Wàrà dúró fún ọ̀rọ̀ dídùn àwọn olówó, àlùbọ́sà dúró fún omijé. Ó ní orí èyí ni kí n gbé chapter kẹta mi kà. Mo ti kọ ojú ewé méjìlá, inú rẹ̀ sì dùn sí i púpọ̀.

Mo ka gbólóhùn náà sí Àǹtí mi létí níbi tó ti ń ká aṣọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣàkì ni," ó ní.

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Kì í ṣe oúnjẹ. Ìtumọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀. Aṣọ funfun yẹn..."

"Mo ní ṣàkì ni. Kí là ń pe ṣàkì nílé? Tó o bá dé búkà, ṣé o kì í ní kí wọ́n fi táwẹ̀lì méjì sí i? Ìwọ tó o lọ sí yunifásítì méjì!"

Àǹtí mi gbé aṣọ kalẹ̀. Ó ní bàbá tó kórìíra omi yẹn ò yé bẹ òun pé kí òun se ṣàkì fún un pẹ̀lú àlùbọ́sà àti wàrà, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sè é, òun ò sì gbà, torí kò sí bí òun ṣe máa se ṣàkì funfun báláú láìfi ata kan án.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n dissertation ń fẹ́ ẹ̀rí. Ní Sátidé, a wọ bus lọ sí Stretford, torí Àǹtí mi mọ alápatà òyìnbó kan níbẹ̀. Bàbá àgbà ni, ó wọ épírọ̀ọ̀nù onílà.

"Good morning," Àǹtí mi kí i. "Ṣé ẹ ní táwẹ̀lì?"

Bàbá náà nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń ta aṣọ ibùsùn.

"Rárá," Àǹtí mi ní. "Táwẹ̀lì tí wọ́n ń jẹ."

Bàbá náà wò wá fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ iwájú láti gbọ́ dáadáa. Àǹtí mi wá gbá ikùn ara rẹ̀, ó ní ti màlúù, ti inú lọ́hùn-ún. Ojú bàbá náà tàn. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé nǹkan kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. Mo ti jẹ ṣàkì láti kékeré, ṣùgbọ́n dúdú ni mo mọ̀ ọ́n sí. Èyí funfun bí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ihò róbótó-róbótó wà lára rẹ̀, ó wúwo, ó sì rọ̀. Ká ní wọ́n kọ́ ọ sí balùwẹ̀, mà bá fi nu ojú. Bàbá náà ní ìyá àgbà òun tà á ní Salford, pé láyé ìgbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àdúgbò tí wọn ò ti tà á, àlùbọ́sà àti wàrà ni wọ́n sì fi ń sè é fún àlejò pàtàkì.

Mo rò ó bí mo ṣe máa sọ fún supervisor mi. Ogún ọdún ni ọkùnrin náà ti ń kọ́ni ní ìtumọ̀ táwẹ̀lì. Mo ní màá kọ lẹ́tà sí i. Àǹtí mi ní irọ́ ni, òun á tẹ̀ lé mi lọ. Ó sè é lọ́nà méjì: ó se ọ̀kan ní funfun bí wọ́n ṣe sè é fún Mayor, ó se èkejì ní ata rodo àti tàtàsé, ó ní kí ọkùnrin náà má bàa sọ̀rètí nù.

A kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọ̀sán Tuesday. Bí ó ṣe ṣí i, Àǹtí mi kúnlẹ̀ láti kí i. Supervisor mi rò pé nǹkan kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lòun náà bá kúnlẹ̀ láti bá a wá a. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ń kí, ìkejì ń fọwọ́ tá kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló sọnù?" ó béèrè.

"Kò sí nǹkan tó sọnù, sà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Nígbà tí a jókòó tán, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ alápatà fún un. Àǹtí mi ṣí abọ́ àkọ́kọ́. Supervisor mi wo inú abọ́ náà. Ó dìde, ó fa àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde látinú àwọn ìwé tó tò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó ń wo èyí, ó ń wo tọ̀hún.

"Ó jọ aṣọ ìnura," ó sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹ tọ́ ọ wò, sà," Àǹtí mi ní.

Ó bu ṣíbí kan. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́ lọ, kò tán lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó ń ronú nípa àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ayé. Nígbà tó gbé e mì tán, ó ní òun ti wá mọ̀ dájú pé kì í ṣe òwe. Àǹtí mi sáré ṣí abọ́ kejì. Èyí tó jẹ níbẹ̀ mú kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú yunifásítì náà: ó tú síkáàfù ọrùn rẹ̀. Mo rí ọrùn supervisor mi. Ọrùn lásán ni, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó jẹ abọ́ náà tán pátápátá, ó sì béèrè bóyá Àǹtí mi á fi bí wọ́n ṣe ń sè é ránṣẹ́ sí ìyàwó òun.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó ní oúnjẹ ni aṣọ ìnura náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ "carer kan ní Swinton" tó là á lójú. Àǹtí mi fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú férémù, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Èmi ya ojú ewé méjìlá mi dànù, mo sì tún chapter kẹta kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo yege. Kì í ṣe pé mo gba àmì tó ga jù, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò kọ ọ́ sí i pé inú chapter oúnjẹ nìkan ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tuntun.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì sọ fún Àǹtí mi: bí Mayor ṣe kú. Òun ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń sún mọ́ ogun, á ní, "Má tíì pa á lónìí, iṣẹ́ ti rẹ̀ mí." Nígbà tó ku oṣù kan kí n padà sílé, ó ní ká kúkú lọ kí i níbi tó wà. Mo lọ tò fún fisà, a sì wọ bus ńlá kan tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí àríwá ilẹ̀ Faransé fún ọjọ́ méjì. Inú bus náà ni mo ti sọ ọ́ fún un. Mo ní àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú náà, àwọn ọlọ́lá sá lọ, wọ́n ní kí Mayor náà máa bọ̀, ó ní òun ò lọ. Ó ń tò fún ànàmọ́ pẹ̀lú àwọn ará ìlú, kò gbà kí wọ́n fún òun ṣáájú. Ní ọdún kejì tí ogun bẹ̀rẹ̀, òtútù wọ ọ́ lẹ́dọ̀fóró. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Àǹtí mi dojú kọ fèrèsé. "Ànàmọ́," ló kàn sọ, ó sì wá áńkáṣífù nínú báàgì.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ìlú náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nídìí tábìlì. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kó gbogbo Faransé mi jọ, mo fẹ́ sọ pé a wá nítorí Mayor àtijọ́ kan, pé Àǹtí mi mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ ohun tí mo sọ gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde dúró, ojú rẹ̀ fà ro, ó gbá ọwọ́ Àǹtí mi mú ní méjèèjì, ó ní ó dun òun púpọ̀. Mo tún gbìyànjú láti ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì burú sí i. Ó wọlé lọ pe Mayor tó wà lórí oyè. Obìnrin kékeré kan ló jáde, ó so ìgbànú oyè wọn aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ra ní kíákíá, ó bọ Àǹtí mi lọ́wọ́, ó sì tẹ orí ba.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" Àǹtí mi bi mí.

"Wọ́n ń kí yín kú ọ̀fọ̀, mà. Wọ́n rò pé ẹbí Mayor ni yín."

Mo dúró pé kó ní kí n tún un ṣe. Àǹtí mi na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ, ó fa gèlè rẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Sọ fún wọn pé a dúpẹ́," ó ní. "Sọ pé irú ẹ̀ ò ní ṣe wọ́n."

Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa dé itẹ́ òkú. Ibojì Mayor wà nísàlẹ̀ ògiri, koríko ti bò ó, àgbélébùú ò sí níbẹ̀, orúkọ àti oyè rẹ̀ nìkan ni. Àwọn méjèèjì dúró sẹ́yìn wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àǹtí mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko. Ó fa ti iwájú, ó fa ti ẹ̀gbẹ́, ó fi áńkáṣífù nu orúkọ náà títí tó fi hàn. Mayor obìnrin náà wò ó títí, òun náà tú ìgbànú rẹ̀, ó fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a fa ti ọwọ́ òsì.

Ìgbà tí a fi máa padà dé ibi bus wa, awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Gbogbo èèyàn ló ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń wo ẹrẹ̀ tó wà ní orúnkún Àǹtí mi. Ó jókòó, ó gbọn ọwọ́, ó ní òun á jẹ ànàmọ́ díndín tí wọ́n bá dúró níbi tí wọ́n ti ń tà á. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìlú náà ló ti sùn lọ. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a padà dé, ó ti wà ní Swinton lẹ́nu iṣẹ́. Èmi di ẹrù mi láti padà sílé.